Òdú Inú Rọ́bà Kẹrin

Ohun tó kọ́kọ́ ya ìyá mi lẹ́nu ní Toronto kì í ṣe òtútù. Iyẹ̀pẹ̀ ni, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà bí àpò ìrẹsì. Ìyá mi dúró tì í, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Ṣé iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń tà báyìí? Iyẹ̀pẹ̀ tí à ń gbá dànù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí obìnrin kan fi yíjú wò wá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra.

Kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹ fúnra yín rí i: ojo ni mí. Láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, díẹ̀ ni ohun tí kì í bà mí lẹ́rù. Lẹ́tà tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Kí fóònù mi dún lásìkò iṣẹ́ ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ lè mú kí n yẹ àpò mi wò. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń gba ènìyàn síṣẹ́ ẹ̀rù bíbà ni, èmi ì bá ti di ọ̀gá pátápátá. Forklift, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, ni mo ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Milton. Shift mi àti shift ìyàwó mi kì í bára mu, ìdí sì nìyẹn tí ìyá mi fi wá bá wa gbé, kí wọ́n lè máa wo ọmọbìnrin wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ ilé kan ní Downsview la háyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní kọnkéré pẹlẹbẹ kan tí òòrùn ń pa dáadáa, fẹ́nsì onípákó sì yí i ká.

Orí kọnkéré yìí la gbin tòmátì sí. Tòmátì wẹ́wẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní cherry, tí kò tóbi ju àgbálùmọ̀ tí kò tíì gbó lọ. Ìyàwó mi ló ra igi mẹ́rin tí wọ́n ti hù. A kó rọ́bà ọ̀dà mẹ́rin jọ, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí nílé, mo sì dá ìdí wọn lu kí omi lè máa ṣàn jáde. Ọ̀rá iyẹ̀pẹ̀ méjì tí a rà kún rọ́bà mẹ́ta, ó ku ọ̀kan. Mo ní kí n lọ ra sí i. Ìyá mi ní, "Lójú mi? O ò ní ra iyẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi." Wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n lọ sí ẹ̀bá fẹ́nsì níbi tí igbó ti hù díẹ̀, wọ́n wa ilẹ̀ dúdú kan jáde, wọ́n fi kún rọ́bà kẹrin. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ gidi nìyí, kì í ṣe ti inú ọ̀rá.

Inú mi dùn sí i, n ò ní purọ́. Ìyá mi ta aṣọ ní Ìbàdàn fún ogójì ọdún, ṣùgbọ́n inú oko bàbá wọn ni wọ́n dàgbà sí, ọwọ́ wọn ò sì gbàgbé. Wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá fún tòmátì. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, wọn kì í jẹ́ ká dà á nù. Ọmọ wa ni wọ́n fi ṣe alábàáṣiṣẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ pé, "Èyí tó bá tutù, fi sílẹ̀. Èyí tó bá pupa ni kí o já." Ọmọ á ní, "Only red, Grandma?" Ìyá mi á ní, "Pupa nìkan." Èdè méjì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò sì sí ìgbà kan tí wọn ò gbọ́ra wọn yé.

Nígbà tí oṣù kẹfà fẹ́ parí, nǹkan kan hù nínú rọ́bà kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì. Mo gbọ́ tí ìyá mi ké, mo sì sáré jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ìdùnnú ló ń pa wọ́n. "Òdú! Wá wo òdú ní ilẹ̀ òyìnbó!" Wọ́n di ewé náà mú pẹ̀lú ìka méjì, wọ́n ń fi han ọmọ. Mo bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Ojú tí wọ́n fi wò mí tó èsì, síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé e: "Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko." Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ fà á tu lọ́sẹ̀ kejì pé koríko ni, ìyá mi fi ara bo rọ́bà náà. Wọ́n ní kí a jẹ́ kó gbilẹ̀, pé àwọn máa sè é fún wa bí ó bá pọ̀ tó.

Lóòótọ́, kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ òdú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ já a lẹ́yìn ilé, bí mo bá sì já ewé tó ti gbó pọ̀ mọ́ ọn, ìyá mi á fi ìka kan mi lórí. Mo mọ èso rẹ̀ dúdú, tó máa ń kun ọwọ́. Mo mọ òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́. Funfun ni.

Ní oṣù keje, èyí tó wà nínú rọ́bà kẹrin tanná. Mo ń fún tòmátì lómi kí n tó lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí mo rí i. Elésè àlùkò ni òdòdó náà, ó ní ẹnu ṣóńṣó aláwọ̀ ìyeyè láàárín. Mo gbé abọ́ omi sílẹ̀. Mo tún wò ó dáadáa, mo sì rí ohun mìíràn: ó ti ń gun ọ̀pá tòmátì. Òdú tí mo mọ̀ kì í gun nǹkan. 

N ò sọ nǹkan kan. Ohun tó burú jù nínú ìtàn yìí nìyẹn, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, n ò wò ó. Mo rò ó pé ta ni èmi tí màá máa kọ́ ìyá mi ní òdú? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo tún ro ti ìlú yìí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti dé, kò sí ohun kan tí a ò ní láti kọ́ wọn: iná ìdáná, ilẹ̀kùn, káàdì tí a fi ń wọ subway, bí a ṣe ń da ìdọ̀tí sí garawa mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ogún ènìyàn ń kí lórí ìkúnlẹ̀ ní Ìbàdàn wá di ẹni tí ọmọ ọmọ wọn ń bá tan tẹlifíṣọ̀n. Òdú yẹn nìkan ni ohun tí wọ́n mọ̀ tí a ò mọ̀. Mo ní n ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi nìyẹn, ó sì dùn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹnu wọn náà wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, èso rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Wọ́n so rọ̀ láàárín tòmátì, wọ́n ń dán, bí ẹni pé tòmátì ló bí wọn. Mo gbójú sókè wo ìyá mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n já ewé gbígbẹ kan dànù lára igi náà, wọ́n ní, "Òtútù ibí ti yí i padà. Ṣé o ò rí ata wọn, tí kò ta?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òótọ́ lẹ sọ, Màámi.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi ń ṣe àlùwàlá láti kírun ọ̀sán, èmi ń tún ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀ ṣe, ọmọ wà lórí kọnkéré pẹ̀lú abọ́ rọ́bà rẹ̀. Ó wọlé wá bá mi, ó gbé abọ́ náà sókè. "Daddy, I picked only red." Tòmátì mẹ́fà tàbí méje ló wà níbẹ̀. Láàárín wọn ni èso kéékèèké tó gùn díẹ̀ wà, pupa bí tòmátì, ṣùgbọ́n kì í ṣe tòmátì. Omi pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú èso náà, mo ní, "Ṣé o jẹ èyí?" Ó wo ojú mi, ó rí ẹ̀rù níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tún bi í. Ó ní, "The baby ones." Mo ní mélòó. Ó ní, "Many." Lẹ́yìn náà ó ní, "Grandma said red."

Ìyàwó mi ti kọ nọ́ńbà àwọn tí ń dáhùn ìpè lórí májèlé sí ara fíríìjì. Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, n ò sì tẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí láti kọ èyí. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ti sọ nígbà kan pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ rẹ ní ilẹ̀ yìí, ìjọba á ní o ò lè tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì gbà á lọ. N ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo ń rò nìyẹn nígbà tí ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú májèlé nínú. Ó di ìgbà tó ní, "Daddy, my tummy," kí ọwọ́ mi tó ṣiṣẹ́.

Obìnrin kan gbé ìpè náà. Ohùn rẹ̀ tutù, kò kánjú. Ó ní kí ni ọmọ jẹ. Mo ní, "Odu." Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo sípẹ́lì rẹ̀ fún un, lẹ́tà mẹ́ta péré. Ó ní ṣé ó ní orúkọ mìíràn. N ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi jẹ òdú, n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní èdè òyìnbó rí. Mo ní, "It's a vegetable. It's like the brother of tomato." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé irọ́ ni, pé n ò tíì dáhùn ohun tó bi mí, nítorí pé ohun tí ọmọ mi jẹ kì í ṣe òdú.

Obìnrin náà ní kí n lọ síbi tí igi náà wà, kí n sọ bó ṣe rí. Mo gbé ọmọ lé èjìká, mo jáde. Ìyá mi ti gbọ́ ariwo. Wọ́n ti gba ibi ìdáná jáde, omi àlùwàlá ṣì ń kán lọ́wọ́ wọn, ìgò epo pupa wà lọ́wọ́ kan, ṣíbí wà lọ́wọ́ kejì. Ohun tí ìyá wọn ṣe fún wọn nìyẹn, ohun tí wọ́n sì ṣe fún mi nígbà tí mo mu kẹrosíìnì ní kékeré. Epo ní í pa oró májèlé.

"Ṣé ó ń gun nǹkan?" ni obìnrin orí fóònù bi mí. Mo ní yes. "Èso rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní red. "Òdòdó rẹ̀ ńkọ́, ṣé o rí i?"

Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ní, "Purple."

Òyìnbó díẹ̀ ni ìyá mi gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ta aṣọ fún ogójì ọdún, kò sí àwọ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe dúró. Wọ́n wo igi náà. Wọ́n wá wo èmi, tí mo dáhùn láìbojú wo òdòdó kankan.

Obìnrin orí fóònù ní kí n má ṣe fún ọmọ ní ohunkóhun, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú kó bì. Kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kó tó sọ ọ́ tán, ìyá mi ti da epo sínú ṣíbí, ṣíbí náà ti kan ètè ọmọ. Mo ní, "Màámi, ẹ má fún un." Wọ́n ní, "Bàbá mi, jẹ́ kó mu ún, epo ni." Mo ní kí wọ́n má fún un. Ṣíbí ń wọlé. Mo gbá ọwọ́ ìyá mi dànù.

Epo náà tú sí kọnkéré. Ṣíbí dún lẹ́ẹ̀mejì, ó yí lọ sábẹ́ rọ́bà. N ò gbọ́wọ́ sókè sí ìyá mi rí, kódà nínú àlá. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, lẹ́yìn náà ó bì sí mi lára.

Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn, n ò rántí rẹ̀ tán. Mo rántí pé iná pupa ojú títì kọ̀, kò yí padà. Mo rántí pé oorun ń gbé ọmọ lọ lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀, ìyá mi sì ń pè é lóríkì láìdákẹ́ kó má baà sùn, ohùn wọn ń já. Mo ní bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí ọmọ yìí sí, n ò ní bẹ̀rù ohunkóhun mọ́. Ẹ wò ó, ẹni tí ẹ̀rù bà ni kì í mọ irọ́ tó ń pa.

Wọ́n fi nǹkan sí i lára tó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Mo mú ẹ̀ka igi náà lọ nínú ọ̀rá, dókítà sì wò ó, ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé ẹ̀bá fẹ́nsì ló máa ń hù káàkiri ìlú. Ó ní ó lóró, ṣùgbọ́n pé èyí tí ọmọ jẹ lè má pọ̀ jù, pé ká máa wò ó. A sì ń wò ó. Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn gba ọwọ́ ọmọ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi jókòó sórí àga tó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n la ẹnu. Wọ́n ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́." Wọ́n tún fa tẹ̀sùbáà, wọ́n ní, "Mo wà lọ́jà." Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni mo lọ bù wá fún wọn.

Ọmọ náà jí, ó ní òun fẹ́ jẹ ṣípúsì. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Kò sí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fún mi, wọ́n sì kí wa pé ó dàárọ̀.

Mo fa igi náà tu pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, mo da ilẹ̀ rọ́bà kẹrin nù. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ò ti fọwọ́ kan tòmátì mọ́. Wọn ò fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ láìbéèrè. Ṣé kí n bu iyọ̀ sí i? Ewé wo lèyí? Ewédú inú yìnyín tí àwọn fúnra wọn rà, wọ́n mú un wá fún mi kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ọ̀rá. Tòmátì pọ́n, wọ́n bọ́, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń gbé wọn lọ lórí fẹ́nsì. Ẹ̀rù wá ń bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé mo mọ ẹrù tí mo dì lé ìyá mi lórí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí n ò lọ síbi iṣẹ́, mo wo ìta láti ojú fèrèsé ibi ìdáná. Ìyá mi jókòó sórí àga lórí kọnkéré, ọmọ dúró tì wọ́n, abọ́ rẹ̀ wà láàárín wọn. Tòmátì kún inú rẹ̀. Ìyá mi mú ọ̀kan, wọ́n fi eyín gé e, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá gbé aago ògiri wa sórí itan, wọ́n ń wò ó. Ọmọ ní, "Is it time, Grandma?" Wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀, ìyá mi. Jẹ́ ká wò ó bóyá á ṣe mí ní nǹkan."

Mo jáde. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, níbi tí àbàwọ́n epo pupa ṣì wà lára kọnkéré. Mo ní, "Màámi, mo ti rí òdòdó yẹn láti oṣù keje. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ti òdú. Ẹ̀rù bà mí ni n ò fi sọ."

Wọ́n ń wo aago. "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí o ní purple ni mo mọ̀ pé o ti rí i."

"Ẹ forí jì mí."

"Èmi náà rí i," ni ìyá mi wí. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tanná ni mo rí i. Ta ni kò mọ òdòdó òdú? Mo ní bí èyí ò bá jẹ́ òdú, kí wá ni mo mọ̀ ní ìlú yìí?"

Ọmọ tún bi wá pé ṣé ó ti tó àkókò. Mo mú tòmátì kan nínú abọ́, mo jẹ ẹ́, mo sì bá ìyá mi wo aago.